Ohun Tí Dígí Ẹ̀yìn Aago Kò Lè Sọ

Gbólóhùn kan ni ó ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta aago tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn ni ó sọ ọ́ fún mi, kò sì sọ ọ́ láti tàn mí jẹ. Ó dojú aago Seiko 5 kan délẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi dígí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó fúnra yín. Gbogbo inú rẹ̀ ló wà níta yìí, kò sí ohun tí a fi pamọ́ fún yín." Mo wò ó lóòótọ́. Irin ìlàjì òṣùpá tí wọ́n ń pè ní rótọ̀ ń yí bí ó ti ń mi ọwọ́, kẹ̀kẹ́ kékeré kan ń fì síwájú sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkúta pupa wínníwínní sì ń dán láàárín irin. Ó wù mí púpọ̀. Síbẹ̀, n kò tíì sanwó nígbà tí mo padà sílé, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi: ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí ó bá ti rí inú ohun kan láti ẹ̀yìn dígí ti rí gbogbo rẹ̀?

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni ẹ ti ra tòkunbọ̀ rí, nítorí náà n kò ní í ṣàlàyé ohun tí ń mú ènìyàn rà á. Kìkì ohun tí ó yẹ kí n sọ ni pé aago tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í lo bátìrì. Sípíríìnì ni ó ń gbé e rìn, mímì ọwọ́ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó sì ń ká sípíríìnì náà. Ìgbà mẹ́fà ni ó ń dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ 21,600 ní wákàtí kan, tí ó sì ju mílíọ̀nù 189 lọ láàárín ọdún kan. Ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ tó báyìí kò lè ṣàìgbó, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ni ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ ń rà pọ̀ mọ́ ọn.

Dígí náà wúlò

N kò kọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu dígí. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń wá yóò rí nǹkan gidi níbẹ̀. Lára irin tí ó yí dígí ká, wọ́n tẹ irú ẹ̀rọ tí ó wà nínú aago náà síbẹ̀, 7S26 ni tèyí, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹlẹ́yọ mẹ́fà. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni nọ́ńbà tí ó parí ọdún tí wọ́n ṣe é. Èkejì dúró fún oṣù: 1 títí dé 9 fún Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Kẹsàn-án, O fún Oṣù Kẹwàá, N fún Oṣù Kọkànlá, D fún Oṣù Kejìlá. 4N ni ó bẹ̀rẹ̀ tèyí, ìyẹn Oṣù Kọkànlá ọdún tí 4 parí rẹ̀. Nítorí pé ọdún 1996 ni ẹ̀rọ 7S26 jáde, kò lè jẹ́ 1994. 2004 tàbí 2014 ni. Lẹ́tà A ni ó tẹ̀lé 7S26 lára ẹ̀rọ náà, èyí tí í ṣe àmì ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí B àti C tó dé, nítorí náà mo gbà pé 2004 ni.

Ṣùgbọ́n ara ìdérí ẹ̀yìn ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ yìí wà, kò sí lára ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá yọ ìdérí aago kan tí ó fi dé òmíràn ti gbé ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a dá aago padà sí ojú rẹ̀, kí a wá ìkọ̀wé wínníwínní tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá 6, kí a sì rí i pé irú ẹ̀rọ kan náà ni ojú àti ẹ̀yìn ń dárúkọ. Ọ̀pọ̀ aago ni wọ́n ti tún ojú rẹ̀ kùn tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ọjà.

Dígí tún ń fi orí súkúrù hàn. Súkúrù tí ẹni tí ó mọṣẹ́ tú kì í ní ọgbẹ́. Èyí tí wọ́n fi irin tí kò bá a mu tú yóò ti fàya ní ojú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ihò kéékèèké tí ó wà ní etí ìdérí, níbi tí irin tí wọ́n fi ń ṣí i ti ń kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ti ha ibẹ̀ yánnayànna, a ti mọ̀ pé ẹnìkan ti wọ inú aago náà pẹ̀lú ohun tí kì í ṣe ti iṣẹ́ náà. Ìpẹtà pẹ̀lú ń hàn láti ẹ̀yìn dígí. Gbogbo èyí kì í ṣe ohun kékeré, aago tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin kò sì lè fi ọ̀kankan nínú ohun inú wọ̀nyí hàn wá láìṣí i.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni mímì tí àwọn tí ń tajà máa ń mì í. Aago tí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ ṣì lè máa lọ bí a bá mì í, rótọ̀ rẹ̀ yóò yí, yóò sì dára lójú. Ìbéèrè tí ó ṣe kókó ni bí yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí a bá gbé e kalẹ̀. 7S26 tí sípíríìnì rẹ̀ ká dáadáa yẹ kí ó lọ fún nǹkan bí 40 wákàtí láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Kí a wọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí a gbé e sórí tábìlì, kí a sì máa ṣọ́ ìgbà tí yóò dúró: ìdánwò nìyẹn. Ó gba àkókò, kò sì sí dígí tí ó lè ṣe é fúnni ní ìdúró.

Ọjọ́ tí Bàbá ṣí i

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe àdéhùn pé kí a jọ gbé aago náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá kan tí ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀, pé èmi ni n ó san owó ṣíṣí rẹ̀, yálà mo rà á tàbí n kò rà á. Kò jiyàn, ó sì yẹ kí n yìn ín fún ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni kò ní í gbà.

Bàbá kò wo dígí náà rárá. Ó gbé aago sí etí, ó di ojú, ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó gbé e kalẹ̀ lórí aṣọ funfun tí ó tẹ́ síwájú rẹ̀. Mo béèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní: "Ẹni tí yóò wọ aago ni wọ́n ṣe dígí yẹn fún, ọmọ mi. Wọn ò ṣe é fún èmi tí n ó tún un ṣe."

Ó fi awò sí ojú ọ̀tún, ó ṣí ìdérí náà, ó tú súkúrù kan tí ó wà láàárín rótọ̀, ó sì fi ẹ̀mú kékeré gbé rótọ̀ kúrò. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìlàjì ẹ̀rọ ni irin yẹn máa ń bò nígbà gbogbo, ibi yòówù kí ó yí sí. Eruku irin aláwọ̀ eérú ti tò ní ìlà tí ó tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ ibi tí etí rótọ̀ ti ń kọjá. Bàbá fi ìka gbọn rótọ̀ náà létí mi, mo sì gbọ́ bí ó ti ń dún gbọ̀jẹ̀gẹ̀: bíárìn rẹ̀ ti jẹ, rótọ̀ ti ń rẹlẹ̀, ó ti ń ha irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọgbẹ́ náà wà. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí ó kọjú sí dígí ń dán láìní àbàwọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọ̀pá kan hàn mí tí ó ní ẹsẹ̀ méjì, èyí tí Seiko ti ń lò láti ọdún 1959 tí wọ́n sì ń pè ní Magic Lever. Bí ẹsẹ̀ kan ti ń fà ni èkejì ń tì, kí sípíríìnì lè máa ká yálà rótọ̀ yí sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọgbọ́n tí ó rọrùn tí ó sì lágbára ni, abẹ́ irin ni ó sì wà, níbi tí ojú ẹni tí ń wo dígí kò lè dé. Ó fi ṣóńṣó igi kan kan etí ọ̀kan nínú òkúta pupa náà. 21 ni òkúta yìí nínú 7S26. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe wọn láti ìgbà tí Auguste Verneuil ti ilẹ̀ Faransé ti fi ọ̀nà ṣíṣe rúbì hàn aráyé ní ọdún 1902, ohun ọ̀ṣọ́ sì kọ́ ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀: inú ihò wọn ni ẹnu ìdúró àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń yí, kí irin má baà máa jẹ irin. Ẹ̀kán ọ́ìlì díẹ̀ báyìí ni ó yẹ kí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó wá sí ṣóńṣó igi Bàbá ti ṣùpọ̀, ó ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Rọ́bà tí ó wà láàárín ìdérí àti ara aago pẹ̀lú ti tẹ́ pẹlẹbẹ, ó ti le, kò sì ní lè dá omi dúró mọ́.

Bàbá kò tíì parí. Ó gbé ìdérí onídígí náà súnmọ́ ojú, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná, ó ń wo etí inú rẹ̀ yíká. Mo rò pé dígí ni ó ń yẹ̀ wò bóyá ó sán. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní: "Kò sí ẹnì kankan níbí."

N kò mọ ohun tí ó ń wí. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ìdérí aago àtijọ́ kan jáde, irin lásán, ó dojú inú rẹ̀ kọ mí, ó sì fi awò tirẹ̀ fún mi. Inú irin yẹn kún fún ìkọ̀wé. Wọ́n fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha wọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: lẹ́tà méjì níbìkan, ọjọ́ àti oṣù níbòmíràn, ìlà mẹ́ta tí wọ́n dá lábùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kan. Ó fi ṣóńṣó igi rẹ̀ tọ́ka sí èyí tí ó ní 1978. "Ọ̀gá mi ló kọ èyí. Èmi ló gbé iná fún un." Ó tọ́ka sí òmíràn lábẹ́ rẹ̀. "Tèmi rèé. Ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi á mọ̀ pé mo ti débẹ̀, á sì mọ ọdún tí mo débẹ̀. Tìrẹ yìí ńkọ́? Ta ló ti débẹ̀?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé òun rà á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn láti inú ẹrù tí ó ti òkè òkun dé, pé òun kò mọ ẹni tí ó ti wọ̀ ọ́ tàbí ẹni tí ó ti tún un ṣe. Òótọ́ ni ó sọ.

Ibi tí ìkọ̀wé ti ń gbé

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Inú ìdérí irin jẹ́ ibi tí àwọn alátùn-únṣe ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìrí ara wọn, kì í sì í ṣe ní Dùgbẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní London, ní Geneva àti níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń tún aago ṣe. Ẹni tí ó ni aago lè wọ̀ ọ́ títí ayé rẹ̀ láìmọ̀ pé ìkọ̀wé wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dígí rọ́pò irin, ohun tí ó pamọ́ fara hàn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé lọ. Kò sí ẹni tí yóò ha ìkọ̀wé sára dígí tí oníbàárà fẹ́ máa wò. Etí irin tín-ín-rín tí ó yí i ká ni ó kù, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn alátùn-únṣe ni ó sì ń lò ó.

Mo lóye ohun tí ó fa dígí yìí. Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kejìlá ọdún 1969, Seiko gbé aago Astron jáde ní Tokyo, èyí tí bátìrì àti òkúta quartz ń gbé rìn, tí ó sì mọ àkókò ju aago onísípíríìnì lọ fíìfíì. Láti ìgbà tí irú aago bẹ́ẹ̀ ti di olówó pọ́ọ́kú, kò sí ẹni tí ó nílò sípíríìnì kí ó tó lè mọ agogo tí ó lù. Ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ ni ó kù tí a lè tà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ẹwà gbọ́dọ̀ fi í hàn. Èmi náà fẹ́ràn ẹwà yẹn. Bí mo bá sọ pé wíwo kẹ̀kẹ́ kékeré náà kò dùn mọ́ mi, irọ́ ni mo pa.

Ṣùgbọ́n ìfihàn ń sọ fún wa bí nǹkan ṣe rí lónìí. Ìkọ̀wé ni ó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Àwọn baba wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lẹ́yìn aago tòkunbọ̀, ohun tí ó ju èje lọ yẹn ni ọwọ́ tí ó ti kọjá lára rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní ọdún 1924, tí ó sì wà ní British Museum títí di òní, oríkì ni ó gbé ìtàn ọwọ́ rẹ̀ ró. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ ní ọdún 1988, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ó ti kú, oríkì náà sì ka iṣẹ́ tí ó ṣe àti àwọn tí ó ṣe é fún. Gbogbo ènìyàn ni ó lè wo ilẹ̀kùn náà nínú dígí wọn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n láti ẹnu obìnrin yìí ni a ti gbọ́ bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan púpọ̀ nínú ohun tí a ń rà. Ẹni tí ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò tá iná sí ẹ́ńjìnnì, yóò ní kí o gbọ́ bí ó ti ń dún. Bí o bá wá béèrè ìwé mẹkáníìkì tí ó ń tọ́jú rẹ̀, yóò wò ọ́ bí ẹni tí ó fẹ́ jà. A ti jẹ́ kí "wò ó fúnra rẹ" rọ́pò "èyí ni ohun tí a ti ṣe sí i". Lójú tèmi, ẹrù ni ọ̀rọ̀ yìí ń gbé kúrò lórí ẹni tí ń tà, tí ó sì ń dì ru ẹni tí ń rà, torí pé bí ó bá bàjẹ́ lọ́la, wọn yóò ní ṣebí o wò ó. Òótọ́ ni pé a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ṣùgbọ́n ojú ara ẹni náà kò tó bí ẹni tí ń tà kò bá ní ohunkóhun tí ó lè sọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kí ó sọ pé kí a yé ra tòkunbọ̀. Kintaro Hattori tí ó dá iléeṣẹ́ tí a mọ̀ sí Seiko lónìí sílẹ̀, aago àlòkù ni ó ń rà, tí ó ń tún ṣe, tí ó sì ń tà ní Tokyo ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ òwò rẹ̀, nígbà tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọdún 1881 ní ọmọ ọdún 21. Inú òwò àlòkù ni irú aago tí mò ń ná yìí ti wá. Ohun tí ó sọ òwò bẹ́ẹ̀ di ohun iyì ni pé ẹni tí ń tà á ni ó tún un ṣe, ó sì lè dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe dúnàádúrà

Ká wí fúnni ká tó dáni, àgbà ìjàkadì ni. Ohun tí Bàbá ṣe fún àwa méjèèjì nìyẹn. Ó dárúkọ iye tí yóò gbà láti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó fi ọ́ìlì tuntun sí i, kí ó sì pààrọ̀ rótọ̀ àti rọ́bà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí òun yọ ìlàjì owó yẹn kúrò nínú iye tí òun ń ta aago. Mo ní kí ó yọ ọ́ tán. A pàdé láàárín, mo sì rà á.

Mo bẹ Bàbá pé kí ó kọ ọwọ́ rẹ̀ sí etí ìdérí náà nígbà tí ó bá parí. Ó ní àyè ibẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ha lẹ́tà méjì rẹ̀ àti ọdún síbẹ̀. Èmi náà mú ìwé kan, mo kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ aago sí i, ọjọ́ tí mo rà á, ohun tí Bàbá bá nínú rẹ̀, ohun tí ó pààrọ̀ àti iye tí mo san. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí n jẹ́ kí òun fi fóònù ya ìwé náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú rẹ̀ fún àwọn aago mìíràn tí ó ń gbé lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kí ó tó tà wọ́n, ó sì sọ fún mi pé àwọn oníbàárà kan ti ń fi owó díẹ̀ lé e nítorí ìwé náà.

Aago náà ń lọ dáadáa, mo sì ń yí i wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé tòkunbọ̀ méjì síwájú mi lónìí ní iye kan náà, tí ọ̀kan ní dígí lẹ́yìn tí kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀, tí ìdérí èkejì jẹ́ irin tí àmì ọwọ́ mẹ́ta wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn, èyí onírin ni n ó kọ́kọ́ ná.